Igi tí Accra ń dáná sun, inú ilẹ̀ ló yẹ kó lọ

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Accra, láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, èéfín kì í wọ́n ládùúgbò. Láàárọ̀, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á kó ewé dongoyaro àti ẹ̀ka igi gbígbẹ jọ sí ẹ̀bá ògiri, wọ́n á sì ṣáná sí i. Kó tó di ọ̀sán, ohun tí igi fi odidi ọdún kan kó jọ ti di eérú, atẹ́gùn sì ti ń fẹ́ eérú náà lọ sílé aládùúgbò.

Nínú ọgbà kan náà, ata tí onílé gbìn ti ń rọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti le bí òkúta. Bó bá bomi rin ín láàárọ̀, yóò ti gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó wá ń lọ sọ́jà láti ra ajílẹ̀ fún ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń febi pa.

Kókó ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Igi àti ewé tí Accra ń sun, tàbí tó ń kó lọ sí ààtàn, ni oúnjẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń wá. Ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sin ín síbẹ̀, kí wọ́n sì gbin nǹkan lé e lórí. Iṣẹ́ náà kò náni lówó púpọ̀. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí oòrùn ti mú, ó sì ní ohun tó lè bà á jẹ́.

Kí ló dé tí ilẹ̀ Accra fi rí bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá ti Èkó dé Accra lè rò pé ibi tó bá ti wà létí òkun, òjò gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Accra lọ́dún kò ju nǹkan bí 800 mìlímítà lọ. Ti Èkó lé ní 1,500. Kódà Axim, tó wà létí òkun kan náà ní ìwọ̀ oòrùn Ghana, ń gba ju 2,000 lọ.

Ìdí ni pé Accra wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kan tó gé igbó kìjikìji ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà sí méjì. Ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìlà oòrùn Ghana, ó gba Togo kọjá, ó sì dé Benin. Dahomey Gap ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ará Lomé náà bó ṣe kan ará Accra.

Òjò tó kéré yìí kì í sì í rọ̀ yípo ọdún. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń rọ̀ láàárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Keje. Díẹ̀ tún máa ń rọ̀ láti Oṣù Kẹsàn-án lọ. Ní àwọn oṣù tó kù, oòrùn ló ń jọba.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ò tún ran èèyàn lọ́wọ́. Létí òkun, yanrìn ni, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Níbòmíràn, ilẹ̀ pupa tó kún fún yangí ni. Téèyàn bá lọ sí apá Akuse, yóò bá ilẹ̀ amọ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òjò, tó sì máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn tó ń kọ́lé wá bu iyọ̀ sí ọgbẹ́ náà. Kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, katakata á kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ dúdú òkè kúrò. Wọ́n á wá kó yangí dà síbẹ̀ kí ilẹ̀ lè le. Nígbà tí ilé bá parí, ìyàwó ilé á ní òun fẹ́ gbin ewédú sẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ oko mọ́.

Ooru náà tún wà níbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbóná, ewé àti ìgbẹ́ ẹran tètè máa ń jẹrà tán. Ajílẹ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ́dún yìí lè má ṣẹ́ kù lọ́dún tó ń bọ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ tó máa pẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Igi ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni igi ń ṣe nínú ilẹ̀?

Ẹni tó bá gbé abúlé rí mọ̀ ọ́n. Bí ìtì igi bá ti jẹrà nínú igbó, téèyàn fọwọ́ fún un, omi á jáde, kódà bí òjò ò bá tíì rọ̀ láti ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn tó ń wá olú mọ̀ pé ìdí irú igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn máa kọ́kọ́ yà sí.

Igi tó ti jẹrà dà bíi fóòmù. Bí òjò bá rọ̀, yóò mu omi. Bí òjò bá dá, yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò irúgbìn á sì máa fà á. Olú, ekòló àti àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí á máa jẹ igi náà. Ohun tí wọ́n bá jẹ tí wọ́n yà sílẹ̀ ló ń di erùpẹ̀ dúdú. Ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀ á di àyè fún atẹ́gùn àti fún omi. Ilẹ̀ tó le bí òkúta á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Àwọn ará Jámánì ní orúkọ fún irú oko bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Hügelkultur. Àgbẹ̀ kan ní Austria, Sepp Holzer, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n máa ń to ìtì igi jọ, wọ́n á kó ẹ̀ka àti ewé lé e, wọ́n á wá fi erùpẹ̀ bò ó títí tó fi máa dà bí òkè kékeré. Orí òkè náà ni wọ́n ti ń gbin nǹkan.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́ Áfíríkà pé ohun tó jẹrà ló ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí ààtàn wà tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń tóbi sí jù, ibẹ̀ sì ni tẹ̀tẹ̀ ti máa ń hù láìgbìn ín?

Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ ní Liberia àti ní Ghana. Dawit Solomon ti Cornell University àti James Fairhead ti University of Sussex wà lára wọn. Wọ́n rí i pé èèyàn ló ṣe ilẹ̀ náà. Pàǹtí ilé ìdáná, eérú, egungun àti èédú tí àwọn ará abúlé ń dà síbì kan láti ìrandíran ló sọ ilẹ̀ tó ti ṣá di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Kábọ̀n inú rẹ̀ fi ìdá 200 sí 300 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìtì igi ni wọ́n sin síbẹ̀ o, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: ilẹ̀ tó ṣá kì í ṣe kádàrá.

Ẹ má mọ òkè, kòtò ni kẹ́ ẹ gbẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tó ti wo fídíò òyìnbó ti ń ṣàṣìṣe. Orí òkè ńlá ní Austria ni Holzer ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òtútù ti mú tí omi sì pọ̀. Ebè gíga ń jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tètè móoru, ó sì ń jẹ́ kí omi tó pọ̀ jù ṣàn kúrò.

Ẹni tó bá mọ irú òkè bẹ́ẹ̀ sí Accra ti fi omi rẹ̀ tọrọ. Oòrùn á máa pa á lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ á fẹ́ ẹ gbẹ bí ẹja orí ààrò. Òjò tó bá rọ̀ á kàn ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ ni. Níbi tí omi ti wọ́n, abẹ́ ilẹ̀ ni igi ń wọ̀, ojú ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, kí omi lè máa ṣàn bọ̀ wá bá a.

Àríwá Ghana ò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti fi irú ọgbọ́n yìí gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ aṣálẹ̀. Ní abúlé Gourga ní Burkina Faso, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó jà ní Sahel, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo tún ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sórí ilẹ̀ tó ti gan. Ó máa ń kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé sínú wọn, á wá dúró de òjò. Ọkà hù níbi tí koríko ò ti hù mọ́, igi sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood lọ́dún 2018. Ó papò dà ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Sawadogo tó yẹ kí ará Accra dì mú: kò bá ikán jà. Òórùn ewé àti ìgbẹ́ ló ń fa ikán wá. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wọ́n ń lu ilẹ̀ líle náà ní ihò, omi òjò sì ń gba ihò náà wọlé.

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé kí òun sin igi ní Accra ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rù ikán. Òótọ́ ni, ikán máa wá. Igi tó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilẹ̀ Austria ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbí. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sin igi náà ni ikán ń báni ṣe yẹn. Ìbẹ̀rù tó tọ́ ni ti ilé. Kòtò igi gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ilé dáadáa, pàápàá níbi tí férémù ilẹ̀kùn tàbí òrùlé bá jẹ́ pákó. Ẹ má sì gbin ẹ̀gẹ́ tàbí igi eléso kékeré lé e lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tán, ikán lè fi ìyẹn náà kún oúnjẹ rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta ni àsìkò tó dáa jù, kí òjò Oṣù Kẹrin tó dé.

Ẹ gbẹ́ kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà kan, tí jíjìn rẹ̀ dé orúnkún. Gígùn rẹ̀ dọwọ́ bí àyè bá ṣe tó. Ẹ kó erùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kó ti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìtì igi tó nípọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀. Èyí tó ti ń jẹrà dáa ju tútù lọ, nítorí ó ti lè mu omi. Bó bá gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Ẹ bu erùpẹ̀ sáàárín àwọn igi náà, kí àyè má ṣófo. Ibi tó bá ṣófo ni gbòǹgbò máa dé tí á sì gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé kéékèèké àti èèpo àgbọn. Ẹ wá kó ewé tútù àti ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màlúù lé e. Ẹ bomi sí ìpele kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe ń tò ó. Kẹ́ ẹ tó kó erùpẹ̀ òkè padà, ẹ rí i pé yóò nípọn dáadáa lórí igi náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbòǹgbò irúgbìn máa kọ́kọ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí ojú kòtò náà fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká lọ. Ẹ wá fi koríko gbígbẹ bò ó. Ìbora yìí ṣe pàtàkì bí igi inú ilẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì, torí oòrùn Accra kì í fojú fo ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò.

Ẹni tí ilẹ̀ tiẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ gbọ́dọ̀ dín jíjìn kòtò rẹ̀ kù. Òjò Oṣù Kẹfà lè sọ kòtò inú amọ̀ di adágún, gbòǹgbò kì í sì í fẹ́ kí omi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ lè má dùn

Ọ̀pọ̀ ló ti dán an wò tó sì pa á tì lóṣù kẹta. Ewé tẹ̀tẹ̀ wọn pọ́n, àgbàdo wọn ò ga, wọ́n bá ní irọ́ ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ igi nílò náítírójìn, bí irúgbìn náà ṣe nílò rẹ̀. Oúnjẹ tó bá wọn lára mu ni èyí tí kábọ̀n inú rẹ̀ tó ìlọ́po 24 náítírójìn. Ti igi máa ń wọ ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Bí igi nìkan ni wọ́n bá sin, àwọn kòkòrò náà á lọ fa náítírójìn tó wà nínú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn. Ebi á wá pa irúgbìn títí wọn ó fi jẹun tán.

Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé tútù ò fi gbọ́dọ̀ wọ́n nínú kòtò náà. Ìdí nìyẹn náà tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ po ìyẹ̀fun pákó tó ń dà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la igi mọ́ erùpẹ̀ òkè. Ìsàlẹ̀ ni igi ń gbé, òkè ni irúgbìn ń gbé.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà. Àwọn yẹn lè rí náítírójìn gbà láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá di ọdún kejì, ẹ gbin ata, ìgbá, ilá àti ewédú. Ojú kòtò náà á máa rọlẹ̀ bí igi ṣe ń jẹrà. Kò sí ohun tó ṣe é, ẹ ṣáà máa fi ewé àti erùpẹ̀ kún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Igi tí kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ oúnjẹ

Ilẹ̀ ò mọ èyí tó lóró yàtọ̀. Ohun tí wọ́n bá sin sínú rẹ̀ ló máa gbé fún ẹ̀fọ́.

Òpó iná ìjọba àti pákó tí wọ́n ti fi kẹ́míkà kùn kí ikán má bàa jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Arsenic, tó jẹ́ májèlé, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni pákó tí wọ́n kun ọ̀dà, àti èyí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ẹ̀mù lẹ̀ pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti sun wáyà àti ẹ̀rọ àlòkù rí, bí Agbogbloshie, tún burú ju ìyẹn lọ. Àwọn olùwádìí ti bá òjé tó pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Igi tí wọ́n bá sin ò lè wẹ òjé kúrò. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ̀fọ́ ti hù.

Igi tíìkì kì í tètè jẹrà, ikán kì í sì í fẹ́ràn igi dongoyaro. Ẹ lè fi díẹ̀ sí i, àmọ́ kí wọ́n má ṣe pọ̀ ju igi rírọ̀ lọ. Ẹ̀ka iyeye tútù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó gbẹ kú ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò hù padà, ẹni tó fẹ́ gbin ata á di ẹni tó ń gbin iyeye.

Ṣé igi ìdáná làwọn èèyàn á máa sin?

Ìbéèrè yìí tọ́, ó sì wúwo. Ní Accra, igi kì í ṣe pàǹtí lójú gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Chorkor ń rà á. Àdúgbò yìí ni wọ́n fi sọ ààrò Chorkor lórúkọ, èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1970 kí àwọn tó ń yan ẹja má bàa máa sun igi púpọ̀. Àwọn tó ń ta fùfú ní ilé oúnjẹ náà ń lo igi, wọ́n sì ń lo èédú. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n kó igi tó ń bọ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ sínú ilẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun nílùú.

Nítorí náà, ìlànà tó dáa kò ṣòro: ohun tó bá ṣeé dáná, ẹ fi sílẹ̀ fún ààrò. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi se ọbẹ̀ ni ẹ sin. Igi tó ti jẹrà, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí wọ́n kàn ń sun kó lè kúrò nílẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n kún ìlú.

Èèpo àgbọn ló wá pọ̀ jù. Kò sí ojú ọ̀nà ńlá kan ní Accra tí ẹni tó ń ta àgbọn ò sí pẹ̀lú àdá àti ọmọlanke rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, èèpo àgbọn á ti ga bí òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ní Kerala, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ kì í fi èyí ṣòfò. Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò sí àyíká igi àgbọn, wọ́n á to èèpo náà sínú rẹ̀ ní ìpele ìpele, wọ́n á dojú ihò rẹ̀ sókè kó lè máa gba omi, wọ́n á wá fi erùpẹ̀ bò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń mú omi dúró fún gbòǹgbò. Ohun tí Íńdíà ń tọ́jú sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn ni Accra ń kó dànù.

Àwọn kan á ní eérú tó kù náà wúlò. Òótọ́ ni. Eérú wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, tó sì ń rán wọn létí àwọn Aláta tó wá ṣòwò láti ìlà oòrùn. Eérú ń gbé pọ́táṣì padà sínú ilẹ̀. Àmọ́ kábọ̀n àti náítírójìn ti bá èéfín lọ, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti fà nínú rẹ̀ símú. Eérú díẹ̀ dáa lóko, àmọ́ kò lè mú omi dúró bí igi.

Ta ló ni ilẹ̀ náà?

Ohun tó ń dá iṣẹ́ yìí dúró jù lọ ní Accra kì í ṣe ikán, kì í sì í ṣe àìmọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Igi ń fẹ́ àkókò. Ẹni tó sin ìtì igi lónìí ń retí èrè rẹ̀ lọ́dún kejì àti ọdún kẹta. Òfin ilé gbígbà ti Ghana, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1963, ní onílé ò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Síbẹ̀, gbogbo ayálégbé ló mọ̀ pé owó ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń bèèrè. Bí ọdún méjì náà bá pé, kò mọ̀ bóyá onílé á fi kún owó tàbí á ní kó kó jáde. Ta ló fẹ́ fi àáyá tún ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣe, kó wá kúrò níbẹ̀ lọ́dún tí ilẹ̀ náà dára?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà ní Dzorwulu àti ní irú àwọn àyè bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú tún nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa kọ́lé ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí International Water Management Institute ti ń ṣèwádìí lórí omi gọ́tà tí àwọn àgbẹ̀ Accra fi ń rin ẹ̀fọ́, nítorí àìsàn tó lè tibẹ̀ wá. Ilẹ̀ tó ń mú omi dúró á dín iye ìgbà tí wọ́n máa pọn irú omi bẹ́ẹ̀ kù. Àmọ́ ẹni tí wọ́n lè lé lọ́la kò ní sin igi lónìí.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn kan ò fi lè tó gbogbo èèyàn. Kí ayálégbé lo ohun tó ń tètè jẹrà: ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, nínú kòtò kéékèèké bíi ti zaï. Èrè rẹ̀ kò ní pẹ́ tó ti ìtì igi. Kí ìtì igi wà fún ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀, fún ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, níbi tí ilẹ̀ ò ti ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni láìpẹ́.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ iná bá gé ẹ̀ka kúrò lábẹ́ wáyà, ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣètò pé kí wọ́n kó o sí ibì kan ní àdúgbò tí ẹni tó bá fẹ́ ti máa wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn dín owó mọ́tò tó ń kó o lọ sí ààtàn kù. Accra mọ̀ pé pàǹtí lè di ajílẹ̀. Láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti wà ní Adjen Kotoku. Ohun tó kù ni pé kí ẹ̀ka igi má tilẹ̀ gun mọ́tò rárá, kó ti àdúgbò wọ ilẹ̀ àdúgbò. Ó sì yẹ kí wọ́n fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba ní ìwé tó sọ iye ọdún tí wọ́n máa lò níbẹ̀, kódà bí kò bá ju mẹ́ta lọ.

Èrè mìíràn wà níbẹ̀. Èèpo àgbọn àti ẹ̀ka igi tí kò bá sí nínú gọ́tà ò lè dí gọ́tà. Ará Accra tó bá rántí ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹfà, ọdún 2015, nígbà tí ọ̀gbàrá àti iná ní Circle pa èèyàn tó lé ní 150, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Kí òjò tó dé

Lọ́dún 1972, ìjọba Acheampong ké sí àwọn ará Ghana pé kí wọ́n bọ́ ara wọn. Operation Feed Yourself ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní kí oníkálukú máa gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ghana fò dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tòmátò láti Burkina Faso ló ti ń kún ọjà Ghana.

Kòtò igi mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ò lè yanjú ìyẹn. Àmọ́ ó lè jẹ́ kí ìdílé kan má ra ata àti ewédú fún oṣù mélòó kan lọ́dún, láì ra ajílẹ̀, láì sì máa pọn omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ẹni tó bá ní ìṣáná lọ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la, tó dúró ti òkìtì ewé àti ẹ̀ka, kó fi ìṣáná náà sápò, kó lọ gbé ṣọ́bìrì. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń retí oúnjẹ yẹn ó pẹ́.